Ẹ̀dá Tí Kò Sí Nínú Ìwé

Ó ku bí ọdún mẹ́rin kí a gba òmìnira, mo ń ṣe tíṣà ní ilé ìwé míṣọ́ọ̀nù kan ní Ìlá. Mi ò tíì lọ́kọ. Ohun tó wù mí ju ọkọ lọ ni kí n fi ìgò bu omi nínú kòtò tí wọ́n ti ń wa amọ̀ ìmọlé lẹ́yìn agboolé wa, kí n kán an sórí gíláàsì, kí n sì fi maikirosikóòpù ilé ìwé wò ó. Àwọn ìyàwó ilé a máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀: "Tíṣà, ṣé inú kòtò lọkọ yín wà ni?" Kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín. Ohun tí mo ń rí, bàbá wọn ò rí i rí.

Sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni gbogbo ara àwọn ẹ̀dá tíntìntín inú omi náà, síbẹ̀ wọ́n ń jẹun, wọ́n ń sáré, wọ́n ń bí sí i. Ìwé ọwọ́ mi pín wọn ní ìdílé-ìdílé: eléyìí nírun yíká ara, tọ̀hún nírù bíi pàṣán. Ọ̀kan wà tí mi ò rí nínú ìwé. Ó rí bí orí ṣíbí, ẹ̀yìn ló sì máa ń fi rìn.

Mo yà á fún oṣù mẹ́ta, mo fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí òyìnbó onímọ̀ kan ní Ìbàdàn. Ó fèsì pé òun ò rí irú rẹ̀ rí, àmọ́ ààyè rẹ̀ ni kí n gbé wá kí òun tó wọkọ̀ ojú omi lọ sílé lọ́sẹ̀ náà. Bó bá jẹ́ òótọ́, wọn yóò kọ ọ́ sínú ìwé pé èmi ni mo kọ́kọ́ rí i. Èmi, ọmọ àgbẹ̀ oníṣu!

Ọyẹ́ ti mú kí kòtò náà gbẹ. Ìgò omi rẹ̀ kan péré ló kù, mo gbé e sójú fèrèsé de ìrìn àjò ọjọ́ kejì. Nígbà tí mo jí, omi inú rẹ̀ mọ́ gaara.

"Ìyá, ta ló fọwọ́ kan omi yìí?"

Inú ìyá mi dùn. "Èmi ni. Mo fi álọ́ọ̀mù sí i kó lè tòrò. Ṣé omi ẹlẹ́rẹ̀ lo fẹ́ gbé dé iwájú òyìnbó? Wọn á ní a ò kọ́ ọ nílé."

Mo kán an, mo wò ó, mo tún kán an. Kò sí ohun tó mira. Hàà! Mo pariwo mọ́ wọn. Mo ní àìmọ̀wé wọn ti ba ayé mi jẹ́. Obìnrin tó fi orí ru obì lọ sí Òkè-Ìlá kí n lè kàwé ni mo sọ bẹ́ẹ̀ fún.

Òyìnbó lọ. Kí òjò tó dé, ẹnìkan tó fẹ́ kọ́lé ti fi ilẹ̀pa dí kòtò náà.

Láti ìgbà òjò yẹn, bí ìyá mi bá ti oko dé, wọn a gbé ìgò omi kan síwájú yàrá mi: omi àbàtà, omi odò, omi ìdí àpáta. "Mi ò fi nǹkan kan sí i o. Bóyá wọ́n wà nínú èyí."

Mi ò wò ó. Inú ń bí mi, mo fẹ́ kó dun àwọn náà. Bí wọ́n bá ti yíjú, mo ń dà á sẹ́yìn ilé, mo ń dá ìgò padà. "Kò sí, Ìyá."

"Ó dáa. Màá tún bu òmíràn wá."

Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi bu omi fún mi, títí ẹsẹ̀ wọn ò fi lè gbé wọn dé oko mọ́. Bí ẹ̀dá yẹn bá wà nínú ọ̀kan lára ìgò wọ̀nyẹn, ọwọ́ ara mi ni mo fi dà á nù.