Fèrèsé Dúdú Ìyá Abẹ́rẹ́

Kò sẹ́ni tí kò mọ Ìyá Abẹ́rẹ́ ládùúgbò. Aránṣọ ni, ọwọ́ rẹ̀ sì yá débi pé oníbàárà kò ní tíì bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì àtijọ́ lọ́rùn tán tí tuntun yóò fi délẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni kò gbà: kí èèyàn wọlé wá bá nǹkan ní ṣíṣí. Bí ẹsẹ̀ bá ti dún lẹ́nu ọ̀nà báyìí, á bo máṣíìnì, á pa àpótí abẹ́rẹ́ dé, á ká téèpù. Ọkọ rẹ̀ a máa ní lọ́jọ́ kan, yóò ká òun náà sínú dúrọ́ọ̀.

Òjò wá rọ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù, ó ba álúbọ́ọ̀mù gbogbo sítáì tó ti rán jẹ́. Inú kọ̀ǹpútà nìkan ni àwòrán wọn kù sí. Bẹ́ẹ̀, ẹgbẹ́ akọrin kan, èèyàn bí ọgbọ̀n, ń bọ̀ wá yan aṣọ tí wọn yóò máa wọ̀ kọrin, aránṣọ òdìkejì títì sì ti ń ṣẹ́wọ́ sí wọn. Bí wọn kò bá rí iṣẹ́ Ìyá Abẹ́rẹ́ wò, ọ̀hún ni wọ́n máa gbà lọ.

"Orí ọgbọ̀n níwájú kọ̀ǹpútà kan," ni ọkọ rẹ̀ wí. "Àfi kí o gbé wọn jókòó lé ara wọn."

"Ẹ fi mí lọ́rùn sílẹ̀, bàbá wọn. Orí fóònù wọn ni wọ́n á ti wò ó."

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà nílùú mìíràn, ló pè é kọ́ ọ. Kó kó àwọn àwòrán sínú fódà kan. Kó ṣí fèrèsé dúdú tí wọ́n ti ń tẹ ọ̀rọ̀ pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Kó gba ibẹ̀ wọnú fódà náà, kó tẹ àṣẹ ìlà kan péré, kọ̀ǹpútà á sì di sáfà tó ń pín àwòrán fún fóònù. Ẹni tó bá wà lórí wáífáì ṣọ́ọ̀bù, tó tẹ nọ́ńbà kọ̀ǹpútà náà sínú fóònù rẹ̀, á rí gbogbo ohun tó wà nínú fódà.

"Tí mo bá ṣe é tì ńkọ́?"

"Màmá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ láìwò ó? Ẹ tẹ̀ ẹ́ jàre."

Ó tẹ̀ ẹ́. Ó dán an wò lórí fóònù ara rẹ̀, àwòrán tò lọ rẹrẹ. Ó fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà náà sára aṣọ dúdú kan, ó fi kọ́ ara ògiri.

Àwọn akọrin dé, wọ́n kún ṣọ́ọ̀bù dé ojú títì. Ni Ìyá Abẹ́rẹ́ bá sáré bo máṣíìnì, ó pa àpótí abẹ́rẹ́ dé, ó ká téèpù, ó rí fèrèsé dúdú tó là sílẹ̀ gbàgà, ó pa òun náà dé.

"Mo tẹ nọ́ńbà yín, fóònù mi ò gbé nǹkankan wá," ni olórí akọrin wí, obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ ń mi páànù òrùlé.

"Tèmi náà ò gbé e," ni akọrin mìíràn wí.

Ẹnìkan ti ń yọjú wo òdìkejì títì. Ọkọ rẹ̀ wúkọ́. "Ṣé kí n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé wọn lé ara wọn ni?"

Ìyá Abẹ́rẹ́ ń fi ìka tọ́ka ohun tó fọwọ́ kàn, ọ̀kan tẹ̀lé ìkejì: téèpù, àpótí, máṣíìnì. Ó dúró lórí máṣíìnì. Ṣé èèyàn á bo máṣíìnì tán, á tún máa retí kó ránṣọ?

Ó ṣí fèrèsé dúdú padà. Ó wọnú fódà, ó tẹ àṣẹ rẹ̀.

"Ẹ tún un tẹ̀."

Bí fóònù kọ̀ọ̀kan ti ń béèrè àwòrán ni ìlà tuntun ń yọ nínú fèrèsé náà, wọ́n ń sáré tẹ̀lé ara wọn bí ìgbà tí máṣíìnì bá ń rán aṣọ. Ìlà kọ̀ọ̀kan, ẹnìkan ló ń wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ọrùn Ìyá Abẹ́rẹ́ gùn sí i.

"Èyí tó ní kọ́là gíga yìí," ni olórí akọrin wí. "Gbogbo wa. Ẹ mú téèpù yín."

Ọkọ rẹ̀ na ọwọ́ láti bá a pa fèrèsé náà dé.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án, bàbá wọn. Iṣẹ́ ń lọ níbẹ̀."

Lọ́jọ́ kejì, ọkùnrin náà ti ròyìn sáfà ìyàwó rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀ àti ọ̀dọ̀ fọganáísà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn akọrin ti di ọ̀ọ́dúnrún.

"Bí ọgbọ̀n ni wọ́n," ni Ìyá Abẹ́rẹ́ wí.

"Ojú kọ̀ǹpútà ni o kọjú sí," ni ọkọ rẹ̀ fèsì. "Èmi ni mo rí àwọn tó wà níta."