Ojú Tó Fọ́, Ta Ló Máa Tún Un Ṣe?

Lẹ́yìn tí olè fọ́ ojú ọ̀tún ọkọ obìnrin télọ̀ kan, tí wọ́n mú olè náà, tí wọ́n sì jù ú sẹ́wọ̀n, télọ̀ yìí ní òun máa lọ kọ́ nípa ọ̀ràn àti ìdájọ́. Ó fẹ́ mọ ohun tí wọ́n lè ṣe tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò fi ní rí ìta mọ́ láé.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọ Àgùdà tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì wọn ló gbà á. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin rẹ́rìn-ín títí.

"Ìwọ tí ewú ti gba orí rẹ!"

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín lọ, ẹ̀gbọ́n mi. Ewú ò ní kí n má kàwé."

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bó ṣe wọlé ni gbogbo kíláàsì fò dìde: "Ẹ káàárọ̀, mà!" Wọ́n rò pé olùkọ́ ni. Ó fa àga kan, ó jókòó tì wọ́n.

Sístà tó ń kọ́ wọn sọ pé ọ̀ràn téèyàn dá kò lè pa àwòrán Ọlọ́run tó wà lára rẹ̀ rẹ́. Ó ní ìdájọ́ òdodo kò mọ sórí ká ti ilẹ̀kùn mọ́ èèyàn. Ó yẹ kó tún ohun tó bàjẹ́ ṣe. Télọ̀ nawọ́ sókè.

"Sístà, ẹ jọ̀ọ́, ojú tó ti fọ́, ta ló máa tún un ṣe?"

Gbogbo kíláàsì yíjú sí i.

"Kò sẹ́ni tó lè tún un ṣe," ni Sístà wí. "Àmọ́ ṣé ẹnì kan ti bi ọkọ yín léèrè ohun tó ń fẹ́?"

Kò sẹ́ni tó bi í. Ní kóòtù, bó ti jẹ́rìí tán ni wọ́n ní kó máa lọ. Ìyàwó rẹ̀ gan-an kò bi í rí. Nígbà tí télọ̀ délé, ó bá ọkọ rẹ̀ níbi tó ti ń ká aṣọ.

"Bàbá wọn, kí lẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe fún ẹni tó fọ́ ojú yín?"

Ọkọ rẹ̀ gbé ṣẹ́ẹ̀tì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Mo fẹ́ bi í pé kí ló dé. Mo ti kó owó fún un, mo ti dọ̀bálẹ̀. Kí ló wá dé tó tún fi irin gbá mi lójú?"

Láti ọjọ́ náà, télọ̀ kò jẹ́ kí ọ̀gá ọgbà ẹ̀wọ̀n sinmi, kó lè gbà kí ọkọ rẹ̀ rí olè náà. Wọ́n dá a padà, ó tún lọ. Ó mú Sístà dání, wọ́n kọ̀. Ó tún lọ. Nígbà tó yá, ọ̀gá ní bí ẹlẹ́wọ̀n bá gbà, òun náà gbà. Ẹlẹ́wọ̀n sì gbà.

Wọ́n jókòó nínú yàrá kékeré kan, wọ́dà dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọkọ rẹ̀ béèrè ìbéèrè rẹ̀.

"Ẹ̀rù ló bà mí, sà," ni ọkùnrin náà wí láìgbójú sókè. "Ẹ ń wò mí. Mo rò pé ẹ ti dá mi mọ̀."

"Mi ò mọ̀ ẹ́ rí."

Ọkùnrin náà bú sẹ́kún. Ọkọ télọ̀ dúró kó sunkún tán, ó ní, "Mo ti gbọ́," ó sì dìde.

Títí di òní, kò tíì sọ pé òun dárí jì í, ìyàwó rẹ̀ kò sì fipá mú un. Ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀, tí kì í rí oorun sùn tẹ́lẹ̀, ti ń sùn dáadáa.

Télọ̀ ti gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ báyìí. Ó ń bá àwọn tí ọ̀daràn ṣe léṣe lọ sí kóòtù, kí wọ́n lè rẹ́ni gbọ́ tiwọn. Ó sì ń kọ́ àwọn ẹlẹ́wọ̀n ní aṣọ rírán. Àwọn kan ládùúgbò ń pè é ní ìyá olè. Ó ń gbọ́, kò dá wọn lóhùn. Iṣẹ́ wà nílẹ̀.