Ẹyẹ Tí Alhaji Ṣùkúrù Pín

"Sàúdátù, Sàúdátù, láàárọ̀ kùtùkùtù, nínú yàrá tèmi? Alhaji, ẹyẹ tẹ́ ẹ fún èmi ìyáálé ló wá ń pe orúkọ ìyàwó?"

Bí Tahirah ṣe ń fi imú fa ohùn náà nìyẹn. Ọkọ rẹ̀, Alhaji Ṣùkúrù ọlọ́sàn tó ti dolóògbé báyìí, fẹ̀yìn ti ògiri, ó ń làágùn. Kò sẹ́ni tí ò mọ ìjà yẹn ní Fìdítì. Àwọn tí ò sí nílé lọ́jọ́ náà gan-an ń sín Tahirah jẹ.

Ohun kan ṣoṣo ló ń ba Alhaji lẹ́rù láyé: kí ọ̀kan nínú ìyàwó rẹ̀ méjèèjì má lọ rò pé ó fẹ́ràn èkejì jù. Ó ti fi rúlà ọmọ iléèwé wọn ẹja rí.

Ìgbà tí wọ́n ní àwọn ń fẹ́ ayékòótọ́ kékeré, ó gba Ìbàdàn lọ. Oríṣi méjì ló kù lọ́wọ́ ẹlẹ́yẹ, ọ̀kọ̀ọ̀kan péré. Èyí tí wọ́n ń pè ní bọ́jì rí tẹ́ẹ́rẹ́, ìrù rẹ̀ gùn, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Oríṣi kejì, lọ́ọ̀fù-báàdì, ki pọ́pọ́, ìrù rẹ̀ dà bí èyí tí wọ́n gé, ó sì ń gé èèyàn jẹ. Alhaji bẹ̀rù pé wọn ò dọ́gba. Ó gbé àwọn méjèèjì lọ sórí ìwọ̀n alápatà. Ìwọ̀n ẹran màlúù ò tilẹ̀ mira fún èyíkéyìí. Alhaji ní, "Alhamdulilahi, wọ́n dọ́gba."

Bọ́jì bọ́ sí yàrá Tahirah. Ibi tí Alhaji ti ń jẹun níbẹ̀, ó máa ń ké sí Sàúdátù pé kó bu omi wá. Kò pẹ́ tí bọ́jì fi gbà á lẹ́nu rẹ̀. Òun ló dìjà.

Alhaji ní kò burú, lọ́ọ̀fù-báàdì ọ̀dọ̀ Sàúdátù náà á máa pe Tahirah. Bó bá ti kírun àsùbáà tán, á jókòó ti àgò.

"Tahirah. Ó yá, wí i. Tahirah."

Ẹyẹ á gé e létè. Sàúdátù á lajú lórí bẹ́ẹ̀dì, á máa wò ó. Nígbà tó yá, ó di ẹrù, ó ní ọ̀dọ̀ ìyá òun l'Awẹ́ lòun ń lọ.

"Orúkọ tìẹ ti wà ní yàrá kejì," ni Alhaji ń bẹ̀ ẹ́. "Tí mi ò bá fi ti ìyáálé rẹ síbí, ta ló máa gbà mí? Má sọ fún un o, títí ẹyẹ á fi pè é."

Sàúdátù tú ìdajì ẹrù.

Alhaji gbé lọ́ọ̀fù-báàdì gun ọ̀kadà, ó di Ìlọrà, lọ́dọ̀ Tíṣà Beatrice tó ń sin ẹyẹ.

"Alhaji, bọ́jì ló máa ń kọ́ ọ̀rọ̀. Ariwo lásán nirú èyí mọ̀."

"Tíṣà, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Ilé mi ló fẹ́ tú."

Ẹyẹ ò gba ẹ̀bẹ̀. Alhaji ò sì jáwọ́, títí tí ọlọ́jọ́ fi dé lọ́yẹ́ tó kọjá.

Ìgbà tí àwọn ìyàwó ń ṣe takábá, opó ọkọ wọn, lọ́wọ́, Tahirah bú sẹ́kún. "Orúkọ tìẹ ni wọ́n fi sílẹ̀ sẹ́nu ẹyẹ. Tèmi ò sí níbì kankan."

"Ìyáálé mi, àràárọ̀ ni wọ́n ń pè yín ní yàrá mi. Díẹ̀ ló kù kí n kó lọ."

Tahirah rẹ́rìn-ín títí omijé fi tún dà. "Báwo ni wọ́n ṣe ń pè é?"

Sàúdátù jókòó ti àgò, ó ki ohùn mọ́lẹ̀, ó na ètè bí ẹni tí ẹyẹ ti gé jẹ.

"Tahirah."

Ìyáálé dá a lóhùn wẹ́rẹ́: "Mò ń bọ̀, Alhaji."