Káàdì Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Fi Ọ̀rá Bò

Ẹ fi ọmọ Nàìjíríà kan hàn mí tí kì í fi ọ̀rá bo ìwé. Ìwé ẹ̀rí ilé-ìwé, ìwé ìgbéyàwó, fọ́tò òkú ọ̀run, gbogbo rẹ̀ la máa ń gbé lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní ẹ̀rọ gbígbóná, kó fi ọ̀rá dì í pa títí ayé. Mi ò rí ohun tó burú níbẹ̀ rí, àfi ìgbà tí ó kan tèmi.

Káàdì ni mo ń kó jọ, káàdì àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbé sáré, tí wọ́n ń dé akoto, tí wọ́n sì ń gbé ara wọn ṣubú bí ẹni tó ń jà sí ogún bàbá. Páálí pẹlẹbẹ ni káàdì náà. Àwòrán eléré wà níwájú, ìtàn rẹ̀ wà lẹ́yìn. Èyí tí àwa tí à ń kó o jọ máa ń lé kiri jù ni rúkì, ìyẹn èyí tí wọ́n tẹ̀ lọ́dún tí eléré náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀ pé yóò di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ojú ẹni tí kò mọ ibi tí òun ń lọ ló máa ń wà nínú àwòrán bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ràn ojú yẹn, nítorí irú rẹ̀ ni èmi náà gbé wọ London.

Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Barking ò yé bi mí pé kí ló dé tí n kì í wo bọ́ọ̀lù gidi. Alàgbà kan tilẹ̀ ní kí n lọ gbààwẹ̀ sí i. Mo ní mo ti gbọ́, mo sì ń bá tèmi lọ.

Rúkì kan wà tí mo wá títí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ sú mi. Ọkùnrin dúdú kan ni, asáré tó ti gbá bọ́ọ̀lù tirẹ̀ tán kí wọ́n tó bí mi, tí àwọn arúgbó Amẹ́ríkà ṣì máa ń rẹ ohùn sílẹ̀ bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Opó kan lọ́hùn-ún ló gbà láti yọ ọ́ fún mi nínú ẹrù ọkọ rẹ̀ tó ti kú. Inú mi dùn débi pé mo ń fi í han awakọ̀ bọ́ọ̀sì lórí fóònù. Àsìkò náà sì bọ́ sí i, torí pé lọ́jọ́ Sátidé ọ̀sẹ̀ yẹn, àwa olùkó-káàdì-jọ fẹ́ ṣe ìpàtẹ nínú gbọ̀ngàn kan ní apá Goresbrook. Láti ọdún tí mo ti ń lọ, òǹwòran ni mí. Ìgbà yẹn ni wọ́n máa kọ́kọ́ fún mi ní tábìlì tèmi, káàdì yẹn ni mo sì fẹ́ tẹ́ sí àárín gbùngbùn rẹ̀. Káàdì náà dé láti Amẹ́ríkà, àmọ́ àpótí pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń dáàbò bò ó ti fọ́ lọ́nà. Mo fi káàdì sínú àpòòwé lórí pẹpẹ, mo ń retí àpótí tuntun.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Thames View. Físà iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni wọ́n fi wọlé. Àwọn ló tọ́ mi lẹ́yìn ikú ìyá wa, n kì í sì í gbé ohùn sókè sí wọn. Lọ́jọ́ Tuesday, ẹ̀gbọ́n mi lọ sí ọjà East Street láti lọ fi ọ̀rá bo ìwé ẹ̀rí tí wọ́n gbà níbi iṣẹ́. Wọ́n dé pẹ̀lú ẹ̀rín, wọ́n yọ ìwé ẹ̀rí náà nínú nálọ́ọ̀nù, wọ́n sì yọ káàdì mi tẹ̀lé e.

"Mo rí i lórí shelf, etí ẹ̀ ti ń họ. Mo ní kí n kúkú bá ẹ laminate ẹ̀. Omi ò lè wọ̀ ọ́ mọ́ láyé."

Iyì káàdì àtijọ́ ni páálí rẹ̀ gan-an, bí ó ṣe jáde láti ilé ìtẹ̀wé. Ìka ọwọ́ gan-an a kì í fẹ́ kó kàn án. Iná ẹ̀rọ yẹn ti yọ́ gọ́ọ̀mù wọ inú páálí, bí èèyàn bá sì ní òun máa bó ọ̀rá náà, ojú ọkùnrin inú rẹ̀ á bá a lọ. Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Wọ́n ní sùúrù ni baba ìwà, ṣùgbọ́n bàbá náà kò sí nílé lọ́jọ́ yẹn. Síbẹ̀, ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé, "Ẹ ṣeun, mà." Ẹnu ọmọ àbíkọ́ ò ní láárí. Mo wọ kíṣìnì lọ, mo di etí ibi ìfọ-abọ́ mú bí ẹni tó fẹ́ fà á tu.

Títí di Friday, mò ń kí wọn, mò ń dá wọn lóhùn, ọ̀rọ̀ mi ò sì ju ẹyọ kan, ẹyọ kan lọ.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo gbé káàdì náà lọ bó ṣe wà, mo sì fi í sí àárín tábìlì. Ìbínú ló gbé e lọ, kì í ṣe ọgbọ́n. Kò pẹ́ tí ọkùnrin kan tí a jọ ń kó káàdì jọ fi mú un. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì pe àwọn yòókù wá wò ó. Ó bi mí pé òpè wo ló ṣe é. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi ni. Ó ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó máa fọwọ́ kan nǹkan gidi. Mo gba káàdì mi lọ́wọ́ rẹ̀. Mo sọ fún un pé ọwọ́ tó ń bú yẹn ń wẹ ìyá oníyàá lọ́wọ́ ní Dagenham bó ṣe dúró níbẹ̀ yẹn, àti pé bí ìyá tirẹ̀ náà bá di arúgbó, irú ọwọ́ yẹn náà ló máa gbàdúrà láti rí. Mo sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí mo ṣe tán, kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín. Mo palẹ̀ tábìlì mi mọ́, mo bá ẹsẹ̀ mi sọ̀rọ̀.

Mo wọ bọ́ọ̀sì padà sílé. Mo ti jà fún ẹ̀gbọ́n mi, síbẹ̀ inú wọn gan-an ló ń bí mi.

Mo bá wọn ní pálọ̀ nínú aṣọ iṣẹ́ wọn, wọn ò tíì bọ́ bàtà. Wọ́n ní ṣé àwọn èèyàn fẹ́ràn káàdì náà. Mo ní wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Mo ní, "Ẹ ti bà á jẹ́, mà. Ẹ ò bi mí." Lẹ́yìn ìyẹn ni gbogbo rẹ̀ tú jáde, ohùn mi sì lọ sókè sí wọn fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi. Ẹ̀gbọ́n mi ò já lu ọ̀rọ̀ mi. Wọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"Láti Tuesday ni mo ti mọ̀ pé mo ti ṣe nǹkan," wọ́n ní. "Ò ń kí mi bíi pé àlejò ni mí. Mo kàn ń dúró kó o sọ fún mi ni."

Wọ́n di apá àga mú, wọ́n sì rọra fi orúnkún tí gbígbé arúgbó ti bà jẹ́ kúnlẹ̀ níwájú mi. Nílé wa, èmi ni mo ń dọ̀bálẹ̀ fún wọn.

"Má bínú, àbúrò mi. Mi ò mọ̀ ni."

Mo sáré gbá wọn mú lábẹ́ apá. Mo ní kí wọ́n dìde, mo ní kí wọ́n má dán irú ẹ̀ wò mọ́ láyé, mo sì ń pariwo mọ́ wọn bí mo ṣe ń fà wọ́n sókè.