Ìlẹ̀kẹ̀ Funfun Tó Kan Àṣàkẹ́

Mọ̀ríámọ̀ Àṣàkẹ́, ọmọ Oníkòyí, ọmọ ẹ̀ṣọ́ tí í fi àyà gba ọfà, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété, ọmọ ajẹkà-kó-tó-mùkọ. Bí ìyá wa ṣe máa ń kì í láàárọ̀ nìyẹn, bó bá wá kúnlẹ̀. Èmi á fi èyí tí ẹnikẹ́ni ò fi kì í rí kún un: ọmọ Akísí, ọmọ obìnrin Baoulé tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ebè iṣu. Ó ti pẹ́ tó ti lọ. Púpọ̀ nínú ẹ̀yin ọmọ tí mò ń kọ èyí fún kò tíì dé ayé nígbà náà. Ṣùgbọ́n mi ò tíì ṣe àlùwàlá òwúrọ̀ kan kí orúkọ rẹ̀ má ṣáájú àdúrà wá sí mi lẹ́nu.

Ọmọdé ni mí ní Kùmáásì, eyín iwájú mi ò tíì hù padà, nígbà tí ìyá wa, Ráfátù Àníkẹ́, kọ́ wa bí a ṣe ń mọ ojúlówó ìlẹ̀kẹ̀. Lántànà ló ń tà, òkúta pupa tí wọ́n ń gbẹ́ ní Ìlọrin. Ayédèrú pọ̀ lọ́jà. Ti gíláàsì wà, ti rọ́bà wà. Ìyá wa á fẹ́ iná èédú, á fi ẹ̀mú gbé ìlẹ̀kẹ̀ kan lé e. Rọ́bà á yọ́, á máa rùn. Gíláàsì á là. Ṣùgbọ́n òkúta á jókòó sínú iná bí ẹni tó jókòó sábẹ́ òjìji. Tó bá ti yege, ó di inú omi ọsàn wẹ́wẹ́, ibẹ̀ ló máa sùn, kí òróró ọrùn àwọn tó ti lò ó lè ṣí kúrò lára rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ìlẹ̀kẹ̀ á pọ́n fòò. Iná àti ọsàn, ohun tí gbogbo ilé wa mọ̀ nípa ìlẹ̀kẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi, Sìkírátù Àjọkẹ́, mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Kò tíì ní ọmú láyà tó ti ń bá àwọn àgbà obìnrin jiyàn lọ́jà, tó sì ń borí wọn.

Ìgbà tí mo gbọ́n díẹ̀ ni ìjọba Gánà ní kí àwọn àlejò kó ẹrù wọn. Ẹ̀ ń gbọ́ ọ bí ìtàn. Àwa gbé ìkòkò lórí. Obìnrin Lẹ́bánónì kan wà tí ìyá wa ti bá tọ́ ọmọ, Màdáàmù Sálúwà. Lọ́jọ́ tí à ń lọ, ó bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ kan lọ́rùn ara rẹ̀, ó fi sí ọrùn ìyá wa. Funfun ni, àmọ́ kì í ṣe funfun ẹfun. Bí o bá yí i sí oòrùn, wàá rí àwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń rìn lábẹ́ rẹ̀. Wọn ò dọ́gba délẹ̀délẹ̀, wọ́n sì ta kókó òwú sáàárín ẹyọ kan àti èkejì. Ìyá wa ní obìnrin náà sọ pé inú òkun ni wọ́n ti mú un jáde, pé ìyá rẹ̀ ló fi jogún fún un. Sìkírátù gbé e lọ́wọ́, ó ní kò wúwo. Ó ní ohun tí kò wúwo, kí ni wọ́n fẹ́ jogún níbẹ̀?

A dé Bouaké ní Ivory Coast, a gba ilé ní àdúgbò Koko, bàbá wa ń ta irin kẹ̀kẹ́. Kò pẹ́ tó fẹ́ Akísí, ará abúlé Baoulé kan tí kò jìnnà; àwọn Baoulé ló ni ilẹ̀ ibẹ̀. Orí ìkúnlẹ̀ ni Akísí kú sí. Ìyá wa gba ọmọ náà, ó sọ ọ́ ní Àṣàkẹ́, ó gbé e lé mi lẹ́yìn. Ẹ̀yìn mi yìí ló ti gbọ́ Yorùbá. Nígbà tí ẹnu rẹ̀ là, Yorùbá Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń sọ, ìlú tí kò fojú kàn rí. Síbẹ̀ Sìkírátù kì í pe orúkọ rẹ̀. Ọmọ Baoulé ló ń pè é. Bí ọmọ náà bá ní kí wọ́n bu ọbẹ̀ kún un, Sìkírátù á ní kí wọ́n wo ikùn tí a fi fùtú, iyán àwọn Baoulé, dá. Gbogbo ilé á rẹ́rìn-ín, ọmọ náà á bá wọn rẹ́rìn-ín. Eré la pè é.

Ìyá wa kú lẹ́yìn tí bàbá ti lọ, lásìkò tí ìjọba dín agbára owó sẹ́ẹ̀fà kù sí ìdajì, tí ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù di ẹni tó ń gbé àtẹ. Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ a pín ẹrù rẹ̀. Sìkírátù fẹ́ iná èédú sí àgbàlá, ó ń dán ẹ̀wọ̀n kọ̀ọ̀kan wò lójú gbogbo wa kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé wọ́n rẹ́ òun jẹ. Lántànà jókòó sínú iná. Ó mú tirẹ̀, ó fún mi ní tèmi. Nígbà tó kan ti funfun, ó já ẹyọ kan, ó gbé e lé èédú. Ẹyọ náà dúdú, ó bẹ́ pá, ó tú ká bí èèpo ẹyin. Ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Fálílátù aláṣọ tó bá wa jókòó ní egungun ẹja ni. Sìkírátù ju ìyókù lé Àṣàkẹ́ lẹ́sẹ̀.

“Tìrẹ rèé. Ayédèrú ọmọ, ayédèrú ìlẹ̀kẹ̀.”

Àṣàkẹ́ mú un, ó gbọn eruku rẹ̀ dànù, ó so ó mọ́rùn.

Ìgbà yẹn náà ni ọ̀rọ̀ ta ni ọmọ onílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í le níta. Rédíò ń sọ ọ́, àwọn ọ̀dọ́ ń sọ ọ́ lórí ìjókòó tíì. Ọlọ́pàá á gba kátì séjúù, ìwé ìgbélùú àlejò, lọ́wọ́ rẹ lójú ọ̀nà, á fà á ya lójú rẹ, á wá ní kí o fi kátì hàn òun. Àṣàkẹ́ lọ gba ìwé ọmọ ìlú. Bouaké kúkú ni wọ́n bí i sí, ìyá rẹ̀ sì wà nínú ilẹ̀ ibẹ̀. Akọ̀wé tó bá níbẹ̀ wo orúkọ tó wà lórí ìwé ìbí, ó ní Anago ni, bí wọ́n ṣe ń pe Yorùbá níbẹ̀, kó máa lọ sílùú wọn. Àṣàkẹ́ bá a sọ Baoulé. Ọkùnrin náà ní ayékòótọ́ náà ń sọ̀rọ̀ èèyàn. Nígbà tó dé ilé tó sọ ọ́, Sìkírátù ní, “Àwọn èèyàn rẹ ò wá dá ẹ mọ̀ mọ́ ni?” Báyìí ló ṣe jẹ́ Anago níta, tó jẹ́ Baoulé nílé.

Ẹ gbọ́ ná, ibi tí ọ̀rọ̀ wà ṣì ń bọ̀.

Kókó kan sọ Àṣàkẹ́ ní ọmú. Dókítà wò ó, ó ní kí wọ́n tètè gé e, pé bó bá fi lè di ìgbà òjò, kò ní ṣeé gé mọ́. Ọkọ rẹ̀, awakọ̀, ti gba ọ̀nà àríwá lọ, kò sì padà. Òun àti ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré, Sàdíátù, ni wọ́n wà nínú yàrá kan ní àdúgbò Nimbo. Ohun tó lè tà kò sí ju ohun tó wà lọ́rùn rẹ̀ lọ. Èmi ni mo sìn ín lọ sọ́dọ̀ Dírísà, alágbẹ̀dẹ wúrà ní Koko. A rò pé owó àtíẹ́kẹ́, oúnjẹ ẹ̀gẹ́, ọjọ́ kan la máa rí.

Dírísà gbé e sí ìmọ́lẹ̀, ó yọjú wo ihò rẹ̀, ó wo àwọn kókó òwú. Lẹ́yìn náà ó fi ẹyọ kan ha eyín iwájú rẹ̀. Ó ní kí èmi náà ha á. Ó ń ha mí léyín bí iyanrìn wẹ́wẹ́. Ó mú ayédèrú kan tó ń tà nínú àpótí tirẹ̀, ó ní kí n ha ìyẹn. Ó yọ̀ bí ọṣẹ. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó bá wa sọ Dioula, èdè ọjà. Ó ní péálì gidi ni, lúúlúù tí àwọn àáfà ń kà nínú Kùráànì, ó sì ti lọ́jọ́ lórí. Ó ní òyìnbó kan ń bọ̀ láti Abidjan lọ́jọ́ Ajé tí yóò rà á, pé owó iṣẹ́ abẹ wà níbẹ̀, owó oògùn á sì ṣẹ́ kù. Ó kìlọ̀ fún wa: kò gbọdọ̀ rí iná, kò gbọdọ̀ rí ọsàn, kò gbọdọ̀ rí lọ́fíńdà. Ara ẹran omi ló ti jáde, kì í ṣe òkúta.

Àṣàkẹ́ rìn padà sí Nimbo láì wọ mọ́tò. Ó ń sọ ohun tí yóò sè lọ́jọ́ tó bá ti òpítálì dé.

Bouaké kò tóbi tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ dé etí Sìkírátù kí oòrùn tó wọ̀. Lọ́jọ́ kejì ó mú Bàbá Múfútàú, àgbà ẹbí, lẹ́yìn, wọ́n wọlé, wọn ò kí ẹnikẹ́ni.

“Ìpín ọjọ́sí ò tọ́,” ló wí. “Ẹrù ìyá mi ni. Ìwọ, Akísí ló bí ẹ. Lọ sí abúlé, kí wọ́n pín ìdí iṣu fún ẹ.”

Àṣàkẹ́ kúnlẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n fi gé ọmú yìí. Èyí tó bá kù, ẹ kó gbogbo rẹ̀.”

“Kí àwọn Baoulé gé e fún ẹ.”

Bàbá Múfútàú fọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀, ó ní nínú ẹ̀sìn, ọmọ tí a gbà tọ́ kì í jogún ẹni tó tọ́ ọ. Mo ní ogún kọ́ o, ẹ̀bùn ni, nítorí Sìkírátù ti jù ú fún un lójú wa. Wọ́n ní kí n lọ jókòó sílé ọkọ mi ní àdúgbò Belleville. Sìkírátù bọ́ sí ẹ̀yìn Àṣàkẹ́ níbi tó kúnlẹ̀ sí, ó tú ìlẹ̀kẹ̀ náà lọ́rùn rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó tú, nítorí irun ọmọ náà há sí i. Ó fà á.

Mo tẹ̀ lé e dé ilé. Mo sọ ohun tí Dírísà sọ, iná, ọsàn, gbogbo rẹ̀. Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní ṣé Dírísà ló bí ìyá wa ni? Ó ní ìlẹ̀kẹ̀ tó ti gba òógùn ọrùn Baoulé, ṣé bẹ́ẹ̀ lòun á gbé e lọ síwájú òyìnbó? Ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ kún abọ́, ó kó péálì sínú rẹ̀. Omi náà ń hó wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́. Ó ní ẹ rí i, ìdọ̀tí ń jáde.

Ní òwúrọ̀, ohun tó kó jáde rí bí ẹfun tí òjò pa. Ara wọn ti ṣí, dídán ti lọ. Bí o bá fọwọ́ kàn án, ìyẹ̀fun rẹ̀ á kù sí ọ lọ́wọ́. Ó gbé e bẹ́ẹ̀ lọ fún òyìnbó náà. Dírísà sọ fún mi pé ọkùnrin náà kò tilẹ̀ jókòó, kò sì rà á. Sìkírátù gba Nimbo, ó dà á sórí ẹní Àṣàkẹ́. Ó ní òun ti sọ ọ́ láti ọjọ́ kìíní pé ayédèrú ni.

Àṣàkẹ́ ṣa wọn sínú àwo. Ó ní kí n bá òun kó wọn dànù, kí Sàdíátù má baà gbé e mì.

Lóde òní ẹ̀ ń fi fóònù ya ìlẹ̀kẹ̀, ẹ ó fi ránṣẹ́, ẹni tí ẹ ò rí rí á sọ ohun tó jẹ́ fún yín kí ẹ tó jẹun tán. Ẹ̀ ń ra ti ṣáínà, ẹ ó lò ó lẹ́ẹ̀kan, ẹ ó jù ú nù, kò sí ẹni tó ń bá ọmọ ìyá rẹ̀ jà sí i. Ẹ̀ ń sọ Faransé, ẹ̀ ń sọ Baoulé, ẹ̀ ń fẹ́ ara yín, ẹ sì ní ọ̀rọ̀ ọmọ onílẹ̀ ti tán. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Èmi ṣì ń gbọ́ ọ nínú ilé, bí wọ́n bá ń pín ẹran.

Òjò kejì ọdún yẹn kò tíì dá nígbà tí Àṣàkẹ́ kú. Ọjọ́ Ẹtì la sin ín, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Àwọn ará abúlé Akísí wá, wọ́n dúró lápá kan. Sìkírátù ló ń sunkún jù. Ó ju gèlè nù, ó ń pariwo pé ọmọ ìyá òun ló lọ, àwọn èèyàn sì ń dì í mú. Wọ́n gbé Àṣàkẹ́ sínú ilẹ̀, wọ́n to igi lé e, wọ́n da iyẹ̀pẹ̀ bò ó. Mo di Sàdíátù lọ́wọ́ mú, a sì lọ sílé.