Bàtà Tí Daddy Fi Ránṣẹ́

Mo gbọ́ òórùn bàtà tuntun ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Woolwich lánàá, inú mi kàn dùn ṣáá! Mo rántí ọ̀sán tí bàtà tí Daddy fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà dé bá wa ní Thamesmead. Ó funfun báláú, àmọ́ ó há mi lẹ́sẹ̀.

Mummy fi fasilíìnì pa mí ní gìgísẹ̀. "Daddy máa pè báyìí. Jọ̀ọ́, sọ pé sáìsì ẹ ni."

Mo fipá wọ̀ ọ́, ìka ẹsẹ̀ mi kú tipiri. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n dá Daddy dúró níbiṣẹ́.

Ojú ẹ̀ yọ lórí fóònù. "Princess, ṣé ó bá ẹ mu?"

"Sáìsì mi gan-an ni, Daddy!"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó mi, ọdún méjì rè é, mo ṣì mọ ẹsẹ̀ ọmọ mi!"