Igi Tí Mo Lù Ṣáájú Àkókò

Iṣẹ́ tí mo ń ṣe nídìí ìjà ẹ̀ṣẹ́ kò pọ̀. Mo máa ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ríìngì pẹ̀lú aago lọ́wọ́, agogo olókùn níwájú, àti igi kékeré kan. Ìjà kọ̀ọ̀kan ní abala mẹ́ta, abala kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́ta. Bí abala bá bẹ̀rẹ̀, màá lu agogo. Bó bá parí, màá tún lù ú. Nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá kó parí, màá fi igi gbá pákó ríìngì lẹ́ẹ̀mẹta, kí àwọn tó wà ní igun ríìngì lè tọ́jú omi àti àpótí ìjókòó. Agogo ni òfin. Ìkìlọ̀ lásán ni igi.

Ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti kọ́ iṣẹ́ náà. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ìjọ wa ní Lokongoma, ní Lokoja, fi mí sídìí aago, pé kí n máa nawọ́ sí oníwàásù bí àkókò rẹ̀ bá ti ń lọ sópin. Ọ̀gá kan tó ń bójú tó eré ìdárayá wà nínú ìjọ náà. Ó ti ń fojú sí mi lára tipẹ́. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Alàgbà, ẹni tó bá lè dá pásítọ̀ wa dúró, kò sí afẹ̀ṣẹ́jà tí kò lè dá dúró." Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún un, nítorí ẹni tó fẹ̀yìn tì tí kò rí nǹkan fọwọ́ ṣe, àárẹ̀ kì í pẹ́ bá a.

Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ń gbé ní òpópónà kejì sí tiwa. Ọmọ Ìjùmú ni òun náà, bíi tèmi. Ó ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí ní iléeṣẹ́ ìjọba kan, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ́ ló jẹ́ kí gbogbo Lokoja mọ̀ ọ́n. Títí di ìsinsìnyí, àwọn oníkẹ̀kẹ́ máa ń tẹ fèrè bí wọ́n bá rí i lójú ọ̀nà. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ó ti lé ní ogójì ọdún, ó sì ti pàdánù ìjà méjì léra wọn. Wọ́n ti sọ fún un pé ìjà kan ló kù, lẹ́yìn náà kó máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́. Ó gbà láìjanpata. Ohun kan ṣoṣo ló ń wá: kó borí nínú ìjà ìkẹyìn yẹn. Ó sọ ọ́ níbi iṣẹ́, ó sọ ọ́ ládùúgbò, ó sì dìde sọ ọ́ ní ìpàdé àdúrà wa.

"Ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run," ó ní. "Ẹ má wulẹ̀ ní kí n má ṣubú. Kí n borí ni kẹ́ ẹ sọ."

Ìyàwó rẹ̀ tó jókòó lẹ́yìn mi sọ ọ́ síta pé, "Ẹ má dá a lóhùn o. Bó bá borí, ẹ óò gbọ́ pé ó tún ku ẹyọ kan." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín ká tó di ojú.

Tẹ́lẹ̀, ó máa ń sáré gun òkè Patti dé orí ní àárọ̀. Lásìkò yẹn, ó ń sáré dé ìdajì, ó sì ń rin èyí tó kù. Ó ní ọgbọ́n ni. Ìyàwó rẹ̀ ní orúnkún ni.

Nígbà tí ọjọ́ ìjà ku ọ̀sẹ̀ kan, ó wá sílé mi.

"Okun o, Alàgbà," ó kí mi bí àwa ará Ìjùmú ṣe ń kíra.

"Okun, àbúrò. Ara ńkọ́?"

"Ara wà níbi tó wà. Igi yín ni mo bá wá."

Ó jókòó, ó sì là á yé mi. Ẹni tó fẹ́ bá jà ń bọ̀ láti Ìdá, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni. "Mi ò lè bá a sáré fún ìṣẹ́jú mẹ́ta," ó ní. "Màá máa tọ́jú ara mi. Bí mo bá ti gbọ́ igi yín, ìgbà náà ni màá da gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ mi lé e lórí, tí màá sì máa fà sẹ́yìn lọ sí igun tèmi. Bí agogo bá dún, àpótí ti wà lẹ́yìn mi, mo ti jókòó. Òun yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa rìn lọ sí tirẹ̀. Ohun tí àwọn adájọ́ bá sì rí kẹ́yìn ni wọ́n máa ń rántí."

"Ṣé ẹ̀tàn kọ́ nìyẹn?"

"Alàgbà, ọgbọ́n àgbà ni." Ó fọwọ́ kan etí òsì rẹ̀. "Ẹ ṣáà gbá a kó dún dáadáa. Eléyìí ti fẹ́ máa sùn."

Ọjọ́ Sátidé ni ìjà náà, ní ọ̀sán, ní pápá ilé-ìwé kan ní Felele. Wọ́n na tapólì sórí ríìngì, ṣùgbọ́n oòrùn ń gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, eruku ọ̀nà Àbújá sì ń bà lé wa lórí. Àwọn ará Ìdá ti kún ọkọ̀ méjì wá, wọ́n ń kọrin ní èdè Ígálà. Nígbà tí ọ̀rẹ́ wa bọ́ aṣọ, tí ewú àyà rẹ̀ hàn, ẹnì kan pariwo ní Hausa pé kí bàbá máa lọ sílé. Òmíràn ní, "Papa, go siddon!"

Ìyàwó rẹ̀ dìde lórí àga. "Ta ni pápá rẹ níbẹ̀? Ṣé o rí bàbá rẹ níbí?"

Ní abala kìíní, ọ̀dọ́mọkùnrin náà ló lu ẹ̀ṣẹ́ púpọ̀ jù. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ó sì gùn. Ọ̀rẹ́ wa ń yẹra, ó ń dì mọ́ ọn, ó ń fara tì í kó lè sinmi. Mo gbá igi nígbà tó tó. Ó da ẹ̀ṣẹ́ márùn-ún sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìjìnnà sí igun tirẹ̀ ṣì pọ̀. Ní abala kejì, gbogbo rẹ̀ rí bó ṣe là á sílẹ̀ nínú pálọ̀ mi. Mo gbá igi, ó jí bí ẹni tí wọ́n da omi tútù sí lára, orí ọ̀dọ́mọkùnrin náà ń mì sọ́tùn-ún sósì, nígbà tí mo sì lu agogo, ìdí ọ̀rẹ́ wa ti wà lórí àpótí. Àwọn èèyàn Lokoja bú sẹ́rìn-ín. Ó wá ku abala kan, àwọn méjèèjì sì ti gba ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Mo gbọ́dọ̀ sọ bí mo ṣe ń ka àkókò. Aago àtijọ́ ni aago mi. Abẹ́rẹ́ gígùn rẹ̀ ń yí po lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú kan. Abẹ́rẹ́ tó ń ka ìṣẹ́jú fúnra rẹ̀ tín-ín-rín, ojú mi kì í tètè rí i, nítorí náà mo máa ń ká ìka kan fún ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan tó bá kọjá. Ọ̀nà yìí kò tíì já mi kulẹ̀ rí.

Nínú abala kẹta, mo ti ká ìka kan nígbà tí mo rí i pé ọ̀rẹ́ wa gba ẹ̀ṣẹ́ kan sí ẹ̀gbẹ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yẹ̀. Mi ò ronú. Mo pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀ pẹ̀lú aago láàárín wọn, mo di ojú, mo sì gbàdúrà gẹ́gẹ́ bí ìyá mi ti kọ́ mi. Mo bẹ Ọlọ́run kó jẹ́ kí ó borí. Nígbà tí mo lajú, abẹ́rẹ́ gígùn wà lórí àádọ́ta. Mo wo ọwọ́ mi, gbogbo ìka ló ti nà nínú àdúrà. Mo rò pé méjì ni mo ti ká. Mo gbé igi, mo gbá pákó lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì rí i dájú pé ó dún.

Ìgbà tí mo nawọ́ sí agogo ni mo gbé aago súnmọ́ ojú, tí mo rí abẹ́rẹ́ kékeré. Ìṣẹ́jú méjì kò tíì pé. Ó ṣì ku ìṣẹ́jú kan gbáko lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá tí mo kìlọ̀ rẹ̀.

Láti ìgbà náà, mi ò gbé ojú kúrò lára aago mọ́. Ohun tí mo lè sọ ni ohun tí mo gbọ́. Mo gbọ́ ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀, mẹ́fà, méje, mẹ́jọ, wọ́n ń dún bí ẹni ń gbọn ẹní. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń fà sẹ́yìn. Ẹ̀yìn rẹ̀ kan okùn ríìngì ní igun tirẹ̀, okùn náà sì dún. Ó dúró de agogo. Mo gbọ́ èémí rẹ̀.

"Àpótí! Ẹ gbé àpótí!" ni ẹnì kan ń wí.

"Agogo ò tíì dún!"

"Àbí wọn ò ti gbá igi ni?"

Ọwọ́ mi wà lórí okùn agogo. Èmi nìkan ni mo ní aago níbẹ̀. Bí mo bá fà á, abala ti parí, ẹ̀ṣẹ́ mẹ́jọ yẹn ni àwọn adájọ́ yóò rí kẹ́yìn, ohun tó bẹ Ọlọ́run fún yóò sì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Mo gbé ọwọ́ kúrò lórí okùn, mo fi lé itan. Kì í ṣe ìgboyà. Wọ́n ti kọ́ mi láti kékeré ní ilé-ìwé ìjọ pé àkókò kì í ṣe tèmi, mi ò sì mọ ọ̀nà mìíràn tí mo lè gbà ṣe é.

Ohun tó tẹ̀ lé e, bí mo ṣe gbọ́ ọ nìyí. Ìbọ̀wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin náà ń gé afẹ́fẹ́, fíù, fíù, kò sì ba nǹkan kan. Ẹ̀ṣẹ́ kan ba okùn. Àwọn ará Ìdá dákẹ́ orin. Lẹ́yìn náà ni gbogbo pápá bẹ̀rẹ̀ sí í ké "Héè!" sí ẹ̀ṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tó bá tàsé, àwọn ará Ìdá náà ń bá wọn ké e. Mo gbọ́ ohùn ọ̀rẹ́ wa, ó ń sọ jẹ́jẹ́ fún ọ̀dọ́mọkùnrin náà pé, "Tún wá. Tún wá." Abẹ́rẹ́ gígùn yí po. Mo lu agogo ní àkókò rẹ̀ gan-an.

Nígbà tí mo gbójú sókè, ó ti jókòó, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sọ̀ sílẹ̀ bí aṣọ tútù.

Adájọ́ méjì nínú mẹ́ta gbé ìjà náà fún ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Ọ̀kan nínú wọn ṣàlàyé pé ní gbogbo ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn, ọ̀rẹ́ wa kò lu ẹ̀ṣẹ́ kankan, ẹ̀ṣẹ́ sì ni àwọn ń kà, àwọn kì í ka yíyẹra. Ariwo sọ. Ọ̀rẹ́ wa fúnra rẹ̀ ló gbé ọwọ́ ẹni tó borí sókè. Ó kọjá níwájú tábìlì mi, kò kí mi.

Mo sọ ohun tí mo ṣe fún ọ̀gá tó mú mi wọ iṣẹ́ náà lójú ẹsẹ̀. Ó fọwọ́ bo ẹnu. Lẹ́yìn náà ó ní, "Alàgbà, igi kì í ṣe òfin. Agogo yín tọ́. Ìdájọ́ ti jáde."

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, mo lọ sílé ọ̀rẹ́ wa. Ó jókòó nínú pálọ̀, ó fi aṣọ gbígbóná lé ẹ̀gbẹ́ tó ń dùn ún. Mo sọ ọ́ láìlọ́ ọ pọ̀: ìka, àdúrà, igi.

Ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ fọhùn. "Ẹ̀yin ni ẹ gbàdúrà fún un tó fi pàdánù?"

"Èmi ni."

"Ẹ dákun, ẹ má gbàdúrà fún èmi o."

Ọkọ rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. "Mo mọ̀," ó ní.

"O mọ kí ni?"

"Pé kò tíì tó. Ọdún tí mo ti ń jà kì í ṣe kékeré. Ara mi mọ ìṣẹ́jú mẹ́ta ju aago yín lọ. Nígbà tí igi dún, ara mi ní irọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ mí, Alàgbà. Ó wù mí kó jẹ́ òótọ́."

Mo ní kó dárí jì mí. Ó ní ó ti ṣe é. Ó sọ pé láti àárọ̀ ni fóònù ti ń dún, wọ́n ń kí i kú iṣẹ́ nítorí ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn yẹn, wọ́n ní àwọn kò rí irú rẹ̀ rí. "Wọ́n ń kí mi kú oríire ìjà tí mo pàdánù," ó ní. Ó wá wò mí. "Ẹ̀yin ni ẹ sún mọ́ ibẹ̀ jù. Báwo ló ṣe rí?"

"Mi ò rí i. Aago ni mò ń wò."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀."

Ìgbà yẹn ló rẹ́rìn-ín, tó fi di ẹ̀gbẹ́ mú. Ó dìde, ó fẹ̀yìn ti ògiri láàárín àga méjì, ó jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ sọ̀ sílẹ̀. "Ẹ dìde. Ẹ ju ẹ̀ṣẹ́ sí mi."

"Lọ́jọ́ Ìsinmi?" ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Alàgbà, ẹ má dá a lóhùn."

Mo bọ́ fìlà. Mo ju ẹ̀ṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo jù láti ìgbà tí mo ti kúrò ní ilé-ìwé. Orí rẹ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́. Mo ju èkejì, ó gba ẹ̀gbẹ́ etí rẹ̀ kọjá. Ẹ̀kẹta ba ògiri, ìka mi sì bó. Kò gbé ẹsẹ̀ kúrò lójú kan. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nínú ara mi pé mo rí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò mọ bí mo ṣe lè dúpẹ́ fún un láìdúpẹ́ fún àṣìṣe mi.

Ó padà jókòó, ó ń mí.

"Ṣùgbọ́n mo fẹ́ borí, Alàgbà."

"Mo mọ̀."

"Mo fẹ́ ẹ gan-an ni."

Ìyàwó rẹ̀ ti lọ gbé omi wá, ó gbé ife kan fún un, ó gbé ọ̀kan fún mi, a sì mu ún.